Henry Darcy: Ọkùnrin tó kọ́ wa bí omi ṣe ń gbé kẹ́míkà oko wọ inú ilẹ̀

Ọdún 2023 ni, nígbà tí àgbàdo àkọ́gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́rin márùn-ún. Mo gba ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Jọ́bẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé ó ṣòro kéèyàn kọjá Fìdítì kó má dúró ra ọsàn. Èmi náà dúró. Mo ra ọsàn, mo dé Jọ́bẹ̀lẹ́ níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Afijio wà, mo yà sílé bàbá.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn. Wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí oko àgbàdo tán, wọ́n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànǹga, wọ́n ń fi omi ṣan pọ́ǹpù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín in. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi ṣan án sí. Atrazine ló wà lára ike oògùn náà. Omi kànǹga yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ro ọkà tí mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kí n tó rí pọ́ǹpù ni mo ti jẹ ẹ́ o.

Mo rọra béèrè bóyá kẹ́míkà ò ní máa jò wọ inú kànǹga. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilẹ̀ máa ń sẹ́ omi bí obìnrin ṣe ń sẹ́ ògì, pé èérí á dúró sókè, omi tó mọ́ nìkan láá dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń mu ún, ṣé mo rí ohun tó ṣe àwọn?

N ò lè dá wọn lóhùn, torí n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ asẹ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì. Kò bá mi jiyàn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣí. Ó ní àwọn ètò kan wà tí wọ́n fi ń ṣírò ohun tí mo ń béèrè yẹn gan-an: bí wọ́n bá fín oògùn sí oko lónìí, mélòó nínú rẹ̀ láá ti bàjẹ́ dànù kó tó di oṣù mẹ́ta, mélòó láá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mélòó láá sì bá òjò sọ̀kalẹ̀ dé ibi omi mímu.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá téèyàn bá fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gé ilẹ̀ sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìgbà téèyàn gé búrẹ́dì, látòkè dé ìsàlẹ̀. Òjò á rọ̀ sórí ti àkọ́kọ́. Oòrùn àti irúgbìn á gba tiwọn nínú omi náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù á bọ́ sí pẹlẹbẹ kejì, ó di ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi yẹn ni ọkọ̀, oògùn ni èrò inú ọkọ̀. Àwọn èrò kan máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, àwọn mìíràn á dúró títí dé gáréèjì.

Nọ́ńbà kan wà lókè tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀: báwo ni ilẹ̀ yìí ṣe ń jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá sí? K ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi ní òfin Darcy ni. Mo ní ta ni Darcy? Ó wò mí, ó ní àtìgbà tóun ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì lòun ti ń fi orúkọ yẹn ṣe ìdánwò, òun ò sì béèrè rí bóyá èèyàn ni. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹnjiníà tó kọ́ nípa omi lágbàáyé ló mọ orúkọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó wá a.

Èèyàn ni o. Wọ́n bí Henry Darcy ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1803 ní Dijon, ìlú kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé mọ́, ìyá rẹ̀ ló sá sókè sá sódò kí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin má bàa fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ta aṣọ láti san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín. Lọ́dún 1821 ọmọ náà wọ École Polytechnique ní Paris, ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé àwọn tó mọ ìṣirò jù ní ilẹ̀ Faransé ló ń wọ ibẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ìjọba, àwọn tó ń ṣe títì àti afárá. Bó ṣe jáde, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e padà sí ìlú rẹ̀. Ó fẹ́ Henriette Carey lọ́dún 1828. Wọn ò bímọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bí Dijon ṣe rí nígbà náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Omi ìlú yẹn ò dáa rárá. Kànǹga ni wọ́n ń mu, kànǹga tí kò jìn, tí ṣáláńgá sì wà nítòsí rẹ̀. Odò kékeré kan tó gba àárín ìlú kọjá, Suzon, ti di ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Àwọn èèyàn ń pọn omi, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń ṣàìsàn. Àfi bíi kí n máa ròyìn àdúgbò kan n'Íbàdàn tí mo mọ̀ dáadáa. Àjàkálẹ̀ àrùn onígbá-méjì sì wá jà ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1832, ó pa èèyàn bí ẹni ń gé koríko.

Kì í ṣe pé ìlú ò gbìyànjú. Wọ́n gbẹ́ kànǹga jíjìn kan, wọ́n rò pé omi á ya jáde fún gbogbo ìlú, omi ibẹ̀ ò tó nǹkan kan. Darcy yẹ kànǹga yẹn wò, ó ṣírò, ó sì rí i pé kò lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Lọ́dún 1834, lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó gbé ètò tirẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú: orísun omi kan wà tó ń jẹ́ Rosoir, ó tó kìlómítà méjìlá sí ìlú, omi rẹ̀ mọ́, ibi tó wà sì ga ju ìlú lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ojú omi tí a bò lórí wá láti ibẹ̀. Omi á fúnra rẹ̀ ṣàn wá. Kò ní sí ẹ̀rọ tó ń fà á, kò sì ní nílò asẹ́.

Ó gbà wọ́n ní àkókò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1840, omi Rosoir wọ Dijon. Lẹ́yìn èyí ni páìpù tàn káàkiri abẹ́ títì, wọ́n sì to ẹ̀rọ omi sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́sẹẹsẹ, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà síra wọn, kí olówó àti tálákà máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Paris gan-an ò tíì ní irú ẹ̀ nígbà yẹn.

Ibi tí mo ti dúró tí mo ń mi orí nìyí. Owó tó yẹ kí ìlú san fún Darcy lórí iṣẹ́ yìí lé ní 50,000 francs, owó ńlá lásìkò náà. Kò gbà á. Ó ní kí wọ́n má san án. Àmì ẹ̀yẹ wúrà ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì ní omi ilé rẹ̀ á jẹ́ ọ̀fẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo ronú kan àwọn kọngílá wa tí wọ́n gba owó ẹ̀rọ omi tí ẹ̀rọ náà ò sì pọ omi rí, mo ní kí n má sọ̀rọ̀ jù.

Ó tún ṣe ohun mìíràn fún Dijon. Rélùwéè láti Paris sí Lyon, òun ló jà fún un kó gba Dijon kọjá, pẹ̀lú ihò abẹ́ òkè kan tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin ní Blaisy. Ohun tó sọ ìlú náà di ìlú ńlá nìyẹn. Kò ju ìyẹn lọ, torí rélùwéè kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1848 ni ayé yí padà fún un. Wọ́n lé ọba kúrò ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó dé orí àléfà sì ń fojú ẹni tó bá ìjọba àtijọ́ ṣiṣẹ́ wo gbogbo ẹni tó bá ti lẹ́nu nílùú. Wọ́n yọ Darcy kúrò ní Dijon. Ẹni tó fún ìlú lómi ni wọ́n lé kúrò nílùú! Wọ́n gbé e lọ sí Bourges, kó máa ṣe iṣẹ́ odò àtọwọ́dá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn nílò rẹ̀, ni wọ́n bá pè é wá sí Paris, wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ omi àti títì ìlú náà. Ó lọ London lọ́dún 1850 láti wo bí wọ́n ṣe ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe títì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1855, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kí òun padà sí Dijon láti lọ ṣe ìwádìí tí òun ti ń fẹ́ ṣe. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn ò yá á lọ sinmi. Òun lọ wá yanrìn.

Ohun tó fẹ́ mọ̀ rèé. Dijon ò nílò asẹ́ omi torí omi Rosoir mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlú mìíràn ní Yúróòpù ń da omi odò gba inú yanrìn kọjá kí wọ́n tó mu ún. Báwo ni yanrìn náà ṣe máa nípọn tó? Báwo ni yóò ṣe fẹ̀ tó kí omi tó gbogbo ìlú? Kálukú ń fi ojú díwọ̀n. Darcy ò fẹ́ràn kéèyàn máa fojú díwọ̀n nǹkan.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1855, nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan ní Dijon, òun àti ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Ritter gbé páìpù irin kan nàró. Ó ga ju èèyàn lọ, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35. Wọ́n da yanrìn odò Saône sí i, wọ́n so ó mọ́ omi ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà, omi tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé wá sí ìlú lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Omi ń wọlé lókè, ó ń jáde nísàlẹ̀, wọ́n sì ń wọn iye tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi mẹ́kúrì sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ láti mọ bí omi ṣe ń ti ara rẹ̀ tó lókè àti nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ràn èyí tó kàn yìí. Nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn bá ṣí ẹ̀rọ omi tàbí tí wọ́n tì í, mẹ́kúrì á máa fò sókè fò sódò. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin tí ara rẹ̀ ò yá dúró nínú ọgbà nígbà òtútù, ó ń wo mẹ́kúrì, ó ń dúró kí nọ́ọ̀sì kan fọ abọ́ rẹ̀ tán. Kò fi ìyẹn pamọ́, ó kọ ọ́ sínú àbájáde rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1856, Ritter padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí wọ́n rí ò ju ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà lè lóye. Bí agbára tó ń ti omi bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde náà á di ìlọ́po méjì. Bí yanrìn bá nípọn ní ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde á dín sí ìdajì. Nọ́ńbà kan sì wà tó jẹ́ ti yanrìn yẹn fúnra rẹ̀, tó máa ń yí padà bí ẹ bá pààrọ̀ yanrìn: èyí tó ṣe wóró wóró, nọ́ńbà rẹ̀ á ga, èyí tó kúnná, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré. Ẹ fi asẹ́ ògì wò ó. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ àti èyí tí ojú rẹ̀ há, ìyàtọ̀ wọn ni K. Ìyá alógì ti mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ síra tipẹ́tipẹ́. Darcy ló kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n fi yàtọ̀.

Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1856, ìwé tó lé ní 600 ojú ewé lórí omi ìlú Dijon. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yanrìn yìí wà níbẹ̀? Nínú àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé. Ojú ewé mélòó kan péré. Ó dà bíi pé ohun tó ká a lára jù ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí omi ṣe ń gba inú páìpù, tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1857. Ìyẹn náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bí omi ṣe ń ṣàn nínú gọ́tà tí kò ní ìdérí, kò parí rẹ̀. Henry Bazin, tó ń ràn án lọ́wọ́, ló parí rẹ̀ fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1858, ó wà ní Paris, òtútù àyà kọ lù ú, ó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Dijon, ìlú tó lé e lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú wá tú jáde láti pàdé rẹ̀. Wọ́n sọ gbàgede tí ilé omi rẹ̀ wà di Place Darcy. Títí dòní ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó lórí máàpù fóònù yín.

Yanrìn tó kún fún omi ni Darcy wọ̀n. Oko àgbàdo Jọ́bẹ̀lẹ́ kì í sábà kún fún omi, afẹ́fẹ́ náà ń bẹ nínú ihò rẹ̀. Ẹlòmíì ló wá bá a dé ibẹ̀. Lọ́dún 1907, ará Amẹ́ríkà kan, Edgar Buckingham, fi hàn pé òfin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ tí kò kún, àfi pé K ò ní dúró sójú kan mọ́: bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa kéré. Lọ́dún 1931, Lorenzo Richards so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìṣirò kan ṣoṣo. Ìṣirò yìí le gan-an láti fọwọ́ ṣe, ó dúró títí kọ̀ǹpútà fi dé. Òun ló wà nínú PEARL tí àwọn ará Netherlands ṣe, òun náà ló wà nínú MACRO ti àwọn ará Sweden, èyí tó tún ń ka omi tó ń gba inú ihò ekòló àti ojú ọ̀nà gbòǹgbò tó ti jẹrà kọjá wìì. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá ò kà kún. Asẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikán ti lu ú.

Lẹ́yìn omi, ohun méjì ló kù tí kọ̀ǹpútà ń béèrè nípa oògùn kọ̀ọ̀kan. Èkíní: ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀? Paraquat máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ bí ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè, kì í sábà bá omi lọ. Atrazine ò rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ràn ìrìn àjò. Èkejì: ọjọ́ mélòó ni ìdajì rẹ̀ fi ń pòórá, tí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á ti jẹ ẹ́? Ti atrazine máa ń tó 60 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 60, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Àwọn ará Yúróòpù ò fi èyí ṣeré. Òfin wọn ni pé oògùn oko kan ò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá máíkírógíráàmù lọ nínú lítà kan omi abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá gíráàmù. Torí pé atrazine ń kọjá iye yìí nínú omi wọn ni wọ́n ṣe lé e kúrò lọ́jà wọn lọ́dún 2004. Kí oògùn tuntun tó wọjà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi mẹ́sàn-án tí wọ́n ti yàn sílẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ àti òjò ibẹ̀: Hamburg ní Jámánì wà níbẹ̀, Sevilla ní Spain, Porto ní Portugal, àti Châteaudun ní ilẹ̀ Faransé.

Ọ̀rẹ́ mi fi Hamburg hàn mí. Òjò ibẹ̀ ò pé 800 mìlímítà lọ́dún. Ti Ìbàdàn tó nǹkan bí 1,300, ó sì máa ń ya lulẹ̀ ni. Nítorí náà, omi tiwa á ti oògùn sísàlẹ̀ ju tiwọn lọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní kí n dúró ná: ooru tiwa ń ràn wá lọ́wọ́, torí bí ilẹ̀ bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá móoru sí i, oògùn á yára bàjẹ́ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Òjò ń tì í lọ sísàlẹ̀, ooru ń jẹ ẹ́ lọ́nà. Èwo ló máa borí? Ọwọ́ ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ṣé oníyanrìn ni, ṣé alámọ̀ ni, kí ni K rẹ̀?

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ wa ní orúkọ. Lọ́dún 1962, Smyth àti Montgomery tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi ìlú wa sọ ilẹ̀ lórúkọ: ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ilẹ̀ Apòmù. Apòmù yanrìn púpọ̀, ìsàlẹ̀ òkè ló sì sábà máa ń wà, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè la fẹ́ràn láti gbẹ́ kànǹga sí torí omi ò jìn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ní orúkọ jẹ́ ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà mọ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òmíràn. Hamburg wà lórí àtòjọ ibi mẹ́sàn-án yẹn. Jọ́bẹ̀lẹ́ ò sí níbẹ̀.

NAFDAC ti wá fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine tẹ̀ lé e láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tuntun á rọ́pò wọn, ó ti ń rọ́pò wọn, ìbéèrè kan náà ló sì máa bí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 yẹn, lẹ́yìn tí òjò dáwọ́ dúró, èmi àti ọ̀rẹ́ mi padà lọ sí Jọ́bẹ̀lẹ́. A ra páìpù oníke kan, a gé e sí mẹ́ta, a fi aṣọ di ìdí kọ̀ọ̀kan. A bu ilẹ̀ láti ibi mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ kànǹga, àárín oko, àti ẹ̀yìn oko lọ́hùn-ún níbi tó ti pupa, tó ti le. Ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa ní ihò. A so wọ́n mọ́ ara igi máńgòrò, a kọ́kọ́ rin wọ́n títí omi fi ń kán nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà a wá da omi kan náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi fóònù mi ka ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ àdúgbò pé yí wa ká, wọ́n rò pé idán la fẹ́ pa.

Èyí tó ti ẹ̀yìn oko wá, a jẹun, a fọ abọ́, omi ṣì dúró lórí rẹ̀. Ti àárín oko ń kán tó, tó, tó. Ẹ̀kẹta, kí n tó gbé ojú kúrò lára fóònù, omi ti gbá jáde nísàlẹ̀, ó ti rin bàtà ọ̀rẹ́ mi.

Bàbá, tí wọ́n ti jókòó sórí àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sọ̀rọ̀, dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí páìpù náà. Wọ́n béèrè ibi tí a ti bu ilẹ̀ inú rẹ̀. A ní ẹ̀gbẹ́ kànǹga ni. Wọ́n ní ká dà á nù ká tún bu òmíràn, pé bóyá a ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A tún un ṣe, bàbá fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún gbá jáde.

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé pọ́ǹpù ìfínkoríko jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ké sí ọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n sì fi ọwọ́ tọ́ka ẹ̀yìn oko lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, pé ibẹ̀ ni kó máa ti ṣan án láti òní lọ.